Fáìlì Tí Wọ́n Kà Sókè

Àká àgbàdo Ládòkun jóná lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago méjì, nígbà tí oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ mú ní Àgọ́-Ìrá débi pé àwọn ewúrẹ́ pàápàá kò kúrò lábẹ́ igi. Kí àwọn aládùúgbò tó gbé korobá omi dé oko, ohun tí ó kórè lọ́dún kan gbáko ti di eérú. Àwọn ará abúlé ní iná ìgbẹ́ ni. Láàrin Ṣakí àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, iná ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tuntun nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà kọjá ibẹ̀.

Ládòkun kò bá wọn jiyàn. Ó tú ìwé pélébé kan tí wọ́n so mọ́ èèkù ọkọ́ rẹ̀, ó ká a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó sì gba ilé Mujeebat lọ tààrà. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi bírò pupa kọ sínú rẹ̀: "Ẹni kẹta, a ti rí ọ."

"Kí ni wọ́n ń pè ní ẹni kẹta?" Ládòkun béèrè. "Ta ni ẹni kìíní? Ta ni ẹni kejì?"

Mujeebat ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kejì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

Òun ni akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ìdáàbòbò Igbó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, iṣẹ́ tíṣà ló sì ń ṣe; ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Láti oṣù Ọ̀wàrà ni àwọn kan ti ń wọ igbó ọba tó wà lẹ́yìn abúlé, tí wọ́n ń gé igi apá, tí wọ́n sì ń fi lọ́rì kó o lọ. Ẹni méje ló rí wọn tí wọ́n sì gbà láti sọ ohun tí wọ́n rí. Mujeebat fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó tì wọ́n, ó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé orúkọ wọn kò ní jáde. Ó wá to àwọn méjèèje sínú fáìlì kan, láti orí ẹni kìíní dé ẹni keje, ó sì ti fáìlì náà pa. Ẹni tí kò bá ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, àmì játijàti tí kò nítumọ̀ ni yóò rí.

Ládòkun ni ẹni kẹta nínú fáìlì náà. Kò sí ibòmíràn láyé tí Ládòkun ti jẹ́ ẹni kẹta.

"Bọ̀dá Ládòkun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún mi di ọ̀la."

"Tíṣà, ìwọ lo ní wọn ò ní mọ̀." Kò gbé ohùn sókè. "Ìyá àwọn ọmọ ń bi mí pé kí ni mo fi ṣe ẹni tó sun àgbàdo wa. Kí ni kí n wí fún un? Kí n ní tíṣà ti nǹkan pa sínú kọ̀ǹpútà?"

Ó mú ìwé rẹ̀, ó lọ. Kò dúró kí Mujeebat bẹ̀ ẹ́.

Ẹni méjì péré ló ní pásíwọ́ọ̀dù náà: Mujeebat, àti alága ìgbìmọ̀, Olóyè Oyèlékè, tí gbogbo abúlé ń pè ní Bàbá Ṣọlá. Mujeebat kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà. Ó ti lo ọjọ́ méjì ní Ìsẹ́yìn níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn akọ̀wé ìgbìmọ̀ bí a ṣe ń pín ìwé àṣírí fún ara ẹni, ohun tí wọ́n sì tẹnu mọ́ jù lọ níbẹ̀ ni pé fáìlì kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà kan náà lọ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó tẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí Bàbá Ṣọlá lórí Wásáàpù. Nírọ̀lẹ́, ó fi pásíwọ́ọ̀dù ránṣẹ́ lọ́tọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ lásán: lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún tó lọ́ pọ̀ mọ́ra, tí kò sí ẹni tó lè fi orí ara rẹ̀ dá a mọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí iṣẹ́ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyẹn gan-an ló tún ń bí i nínú báyìí.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ṣọlá. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ ni bàbá náà, ó sì ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Títí di òní, bí ẹni tó ń bá ọ́fíìsì kan sọ̀rọ̀ ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

"Mujeebat," ó ní, "ọwọ́ rẹ ni ẹ̀rọ wà. Bí omi bá ti inú ẹ̀rọ jò, akọ̀wé la ó bi."

"Ẹni méjì ló ní pásíwọ́ọ̀dù, sà. Èmi àti ẹ̀yin."

"Ṣé èmi ni mo wá lọ sun àká Ládòkun, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí?"

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Mujeebat dúró kí ẹ̀rín náà tán.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí fóònù yín wà."

"Fóònù mi? Ibi tí fóònù gbogbo ayé wà náà ni. Samsudeen ń bá mi ṣáàjì rẹ̀."

Mujeebat dìde. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ alága, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti di akọ̀wé. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ìwé àkàjù ló ń dà á láàmú. Kò wẹ̀yìn.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí tiransifọ́mà abúlé ti jóná. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ Samsudeen ni gbogbo ènìyàn ń kó fóònù lọ. Sólà mẹ́rin ló tò sórí páànù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pákó gígùn kan sì wà nínú ilé tí fóònù bí ogójì ń sùn lé lórí látàárọ̀ dalẹ́. Samsudeen lẹ tépù pélébé mọ́ ẹ̀yìn fóònù kọ̀ọ̀kan. Ó kọ orúkọ olóhun sí i, kí fóònù má bàa pààrọ̀ ọwọ́. Lábẹ́ orúkọ, ó kọ nọ́ńbà tó ń ṣí fóònù náà.

Kò sí ẹni tí èyí ṣe ní kàyéfì. Bí ìpè bá wọlé, Samsudeen a bá olóhun gbé e. Bí iṣẹ́ bá wọlé, a ṣí i. Bó bá jẹ́ ti kíákíá, a ránni sí i nílé. Àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ a máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, Samsudeen a sì máa ka iṣẹ́ wọn fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yẹn ni ìròyìn ìbí, ìròyìn òkú àti èsì ìdánwò ń gbà dé Àgọ́-Ìrá. Fóònù Mujeebat fúnra rẹ̀ ń sùn lórí pákó yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ó wá fóònù Bàbá Ṣọlá láàrin àwọn tó kù, ó yí i pa dà. Lórí tépù, Samsudeen ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: BÀBÁ ṢỌLÁ, 1953.

"Samsudeen, fáìlì kan wọlé fún Bàbá lọ́jọ́ Ajé."

"Fáìlì yẹn?" Samsudeen ń tú wáyà tó lọ́ mọ́ra. Ẹni ogójì ọdún ni, ara rẹ̀ sì yá mọ́ọ̀yàn. "Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n mú pásíwọ́ọ̀dù wá. Mo bi Bàbá, Bàbá ní òun ò mọ nǹkan kan. Ìgbà tó di ọjọ́ kejì ni mo rí i nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ó gùn bí ọ̀nà Kíṣí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó gbà."

"O ṣí i."

"Bàbá ló ní kí n ṣí i. Ó ní lẹ́tà rẹ̀ ti wẹ́ jù fún ojú òun, kí n kà á fún òun. Mo kà á."

"O kà á sókè?"

"Ìwọ náà, ṣé o ò mọ̀ pé etí Bàbá ò gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ mọ́ ni?"

Mujeebat di etí pákó náà mú. "Ta ló wà lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí o ń kà á?"

Samsudeen ń fi ìka kà wọ́n, bí ẹni tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́. "Bàbá fúnra wọn. Ìyá oníwàrà. Àwọn ọlọ́kadà méjì. Dayọ̀ tó ń wa lọ́rì..." Ìka rẹ̀ dúró sókè. Kò kà á mọ́.

"Lọ́rì igi," Mujeebat ní.

"Àwọn ọlọ́rì náà ń ṣáàjì fóònù." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Mujeebat, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́. Wọ́n ní kí n kà á, mo kà á bó ṣe wà: ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Ibi tí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ igbó ni, mo wo ojú Bàbá. Bàbá ní kí n máa kà á lọ."

"Dé ẹni keje?"

"Dé ìsàlẹ̀ pátápátá."

Bí ó bá jẹ́ pé Samsudeen ta orúkọ wọn ni, Mujeebat ì bá mọ ohun tí yóò ṣe pẹ̀lú ìbínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wálẹ̀, kò sì sí nínú gbogbo ohun tó ṣe èyí tí wọn kò fi ń yìn ín lójoojúmọ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ Mujeebat ní Ìsẹ́yìn nípa ọ̀nà tí fáìlì ń gbà. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí fóònù ń sùn. Òun náà kò béèrè, òun tó ń gbé fóònù tirẹ̀ sùn síbẹ̀. Fáìlì gba ọ̀nà kan, pásíwọ́ọ̀dù gba ọ̀nà mìíràn, méjèèjì sì pàdé lórí pákó Samsudeen.

Ó pa dà sọ́dọ̀ Bàbá Ṣọlá. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ti túká, bàbá náà nìkan ló kù tó ń mu ẹ̀kọ. Mujeebat kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì ro ohun tí ó gbọ́ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.

Bàbá Ṣọlá fi ṣíbí lélẹ̀. "Kí n wá ti ara mi mọ́ yàrá bí olè nígbà tí mo bá fẹ́ ka lẹ́tà? Samsudeen, ọmọ ilé wa ni."

"Dayọ̀ kì í ṣe ọmọ ilé yín, sà."

"Ta ló rí i tí Dayọ̀ ṣáná? Iná ìgbẹ́ ni. Gbọ́ mi dáadáa. Àwọn ará ọ́fíìsì igbó ń bọ̀ láti Ṣakí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mi ò fẹ́ kí wọ́n bá abúlé mi nínú rúkèrúdò. Wàá fi pásíwọ́ọ̀dù tuntun sí fáìlì yẹn, wàá fi ránṣẹ́ sí mi, èmi ni màá fà á lé wọn lọ́wọ́. Àwọn mẹ́fà tó kù, má lọ dá jìnnìjìnnì bò wọ́n. Ohun tí wọn ò bá mọ̀ ò lè dí wọn lójú oorun."

"Ẹ ò ní rí i gbà, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ní fáìlì yẹn ò ní dé ọwọ́ yín mọ́. Ẹ ò tọ́jú rẹ̀. Èmi náà ò sì bi yín bí ẹ ṣe máa tọ́jú rẹ̀, torí pé mo kà á sí àìmọ̀wàáhù láti bi àgbà bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ̀ báyìí."

Bàbá Ṣọlá ti abọ́ ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Gbogbo wọn ló ń kùn pé kí la fẹ́ fi obìnrin ṣe nínú ìgbìmọ̀ igbó. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú ọ."

"Ẹ ṣé, sà. Ládòkun ò rí àgbàdo jẹ síbẹ̀."

Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá náà ń pè é, ó ń pe orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú, ṣùgbọ́n Mujeebat ti dé títì.

Àwọn mẹ́fà tó kù gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n tó rí ìwé tiwọn lára ọkọ́. Ẹni kìíní, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Caleb, gbọ́ ọ tán, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì jáde mọ́. Ẹni kejì ti di ẹrù sórí ọkadà kí Mujeebat tó parí àlàyé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kíṣí ló forí lé. Ẹni kẹrin ní òun kò sọ ohunkóhun fún Mujeebat rí láyé òun, ó sì sọ ọ́ ketekete kí aládùúgbò lè gbọ́. Ẹni kẹfà àti ẹni keje jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Wọ́n ṣépè fún un tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n fi jáde wá bẹ̀ wọ́n. Aago márùn-ún ti kọjá nígbà tí Mujeebat dé ọ̀dọ̀ ẹni karùn-ún, Sàrátù, opó tó ń ṣe òrí tà, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Mọ́ládé.

Sàrátù ń po òrí nínú ọpọ́n ńlá nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì rì sínú rẹ̀ dé ìgúnpá. Kò dáwọ́ dúró nígbà tí Mujeebat ń sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti gbọ́ orúkọ mi," ó ní nígbà tí ọ̀rọ̀ parí.

"Wọ́n ti gbọ́ ọ, mà."

"Láti ọjọ́ wo?"

"Láti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Òní ni Ọjọ́bọ̀. Mo lọ ṣẹ́gi nínú igbó yẹn lánàá, èmi nìkan. Mo ń kọrin lọ." Ó ń po òrí. "Orí àpótí yẹn ni o jókòó sí. O mu omi mi. O ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀, pé o ti tì í pa. Mo bi ọ́ pé ta ló tún lè ṣí i, o ní Bàbá Ṣọlá. Mo dákẹ́. Ṣé o mọ ohun tó mú mi dákẹ́?"

"Rárá, mà."

"Gbogbo Àgọ́-Ìrá ló mọ̀ pé Bàbá Ṣọlá ò lè ka lẹ́tà fúnra rẹ̀ láti ọdún kẹta. Mo rò pé ìwọ náà mọ̀. Mo ní, tíṣà ni, á ti bójú tó ìyẹn. Mo ní kí n má fi ìbéèrè aláìmọ̀wé dójú ti ara mi."

Mujeebat mọ̀. Ó ti ń rí bàbá náà lórí bẹ́ǹṣì yẹn láti ìgbà pípẹ́, kò sì so ohun tó rí pọ̀ mọ́ ohun tó kọ́ ní Ìsẹ́yìn.

"Ìwọ náà rí lọ́rì yẹn," Sàrátù ní. "Ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yín ló ń gbà kọjá."

"Mo rí i, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹni mélòó wá ni ìwọ nínú ẹni méje?"

Mujeebat wo ilẹ̀. "Orúkọ mi wà nísàlẹ̀. Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé."

"Akọ̀wé." Sàrátù fa ọwọ́ yọ kúrò nínú ọpọ́n, ó ń fi ìka họ òrí kúrò lápá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára Mujeebat. "Ìwọ lo mọ̀wé, ìwọ lo rí wọn ju èmi lọ, èmi tí mo lọ ṣẹ́gi lo wá fi ṣe ẹlẹ́rìí. Òṣìkà ni Dayọ̀, a ti mọ ìyẹn. Kí ni ká pe ìwọ?"

Mujeebat ní, "Ohun tí ẹ bá fẹ́, mà."

"Má fi ẹ̀bẹ̀ dá mi lóhùn. Inú ń bí mi, mo fẹ́ kó máa bí mi lọ." Ó bu omi, ó fọ ọwọ́. "Mo ní àbúrò ní Kòmú. Mo lè lọ. Ṣùgbọ́n ta ni mò ń sá fún? Àwọn tó fẹ́ pa mí lára ti mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́. Àwọn tó lè gbà mí ni kò mọ̀. Bí wọ́n bá jó mi mọ́lé lọ́la, ẹ ó ní iná ìdáná ni."

Ó nu ọwọ́ sí ìró.

"Ọ̀la ni Jímọ̀," ó ní. "Gbogbo abúlé yóò wà ní iwájú mọ́ṣáláṣí. Ìwọ ni wàá kọ́kọ́ sọ tìẹ. Bí o ò bá wá, màá sọ tèmi láìsí ìwọ."

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí àwọn olùjọ́sìn ń jáde, Mujeebat ti dúró lórí àtẹ̀gùn ìta mọ́ṣáláṣí. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ó ti bá Lémọ́ọ̀mù sọ ọ́, bàbá arúgbó náà sì ti tẹ́ ẹní rẹ̀ síbẹ̀, ó jókòó. Mujeebat pe orúkọ ara rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀. Ó sọ pé òun rí lọ́rì tó kó igi apá lẹ́ẹ̀mejì. Ó sọ ọjọ́ méjèèjì, ó sọ iye gẹdú tó kà lórí lọ́rì ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ bí orúkọ ẹni méje ṣe jáde. Ibi tó ti kan ẹ̀bi ara rẹ̀, kò sáré kọjá níbẹ̀.

Bàbá Ṣọlá kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Ó fi ọ̀pá rọra rìn kọjá títì, ó sì dúró ní ẹ̀yìn èrò.

"Mujeebat, sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta."

"Ìta ni wọ́n ti kà á, sà."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, Samsudeen ń wo bàtà rẹ̀. Dayọ̀ fi ẹ̀yìn ti odi, ó ká apá mọ́ àyà, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo eré. Sàrátù sì gba àárín àwọn ọkùnrin kọjá láìbẹ ẹnikẹ́ni kó yà fún un, ó gun àtẹ̀gùn, ó sì dúró ti Mujeebat láìwò ó lójú.

"Èmi ni Sàrátù, ìyá Mọ́ládé," ó ní. "Ìdí igi ni mo wà nínú igbó ọba. Lọ́rì méjì ni, ọ̀kan funfun, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Dayọ̀ tó dúró síbẹ̀ yẹn ló wa èyí funfun. Ó rí mi. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, mà."

Gbogbo orí yí sí ara odi. Dayọ̀ tú apá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọjọ́ wo nìyẹn, Ìyá Mọ́ládé?" Lémọ́ọ̀mù béèrè.

"Ọjọ́ kejìlá oṣù Bélú. Ọjọ́ tí wọ́n sìnkú ìyá Òkè ni."

Lémọ́ọ̀mù mi orí. Ó ní kí ó tún un sọ, torí pé àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́.

Sàrátù tún un sọ.